Ìyá Àgbà Kọ́ Ló Gọ̀, Fóònù Ni

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ ní Alajo, ní Accra níbí, pé àwọn ìyá wa ò mọ fóònù ún lò. Ẹ jókòó sídìí tábìlì oní-MoMo (owó inú fóònù) kan ní àdúgbò yìí, ẹ óò rí i: ìyá á dé, á na fóònù rẹ̀ sí ọmọ tó wà lábẹ́ agbòjò, á sì pe PIN rẹ̀ jáde ketekete, létí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwa á mirí, a ní ọ̀làjú ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Aránṣọ rán bùbá há, ó wá ní apá oníbùbá ló tóbi jù.

Ẹ wo ohun tí wọ́n gbé fún ìyá yìí. Á tẹ àmì ìràwọ̀, á tẹ nọ́ńbà, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní á sì jáde, ìlà lórí ìlà. Ó mú ọ̀kan, òmíràn tún yọ. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Bó bá dúró ronú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pa dé, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìràwọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ségesège, fóònù Android á kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé “Connection problem or invalid MMI code.” Kí ni kí aláta fi MMI ṣe?

USSD ni wọ́n ń pe ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀, kò sì lè gbé ju lẹ́tà 182 lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà ta wá ni? Àwọn ará Yúróòpù tó to lẹ́tà GSM jọ wá àyè fún lẹ́tà ńlá àwọn Gíríìkì, wọ́n wá àyè fún ti àwọn ará Norway. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò sí níbẹ̀. Ɛ àti ɔ táwọn Akan àti Gà ń kọ náà kò sí. Ẹ fi ẹyọ ẹ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́, àyè lẹ́tà 160 á já sí 70 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ èdè rẹ̀ dáadáa ni yóò sanwó jù.

Ta sì ni wọ́n ń pè ní òpè? Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà láti Alajo dé Accra New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan, ọmọ ọlọ́jà ni wọ́n. Àwọn ìyá wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà, wọ́n ná gbogbo ọjà Gánà, orí ni wọ́n ń kọ gbèsè oníbàárà sí, títí di oṣù kọkànlá 1969 tí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ odo mẹ́rin kúrò lára owó sídì ní 2007, ta ló ṣírò rẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà? Orí yẹn ni ẹ ní kò lè fowó ránṣẹ́.

Ẹ tún wo WhatsApp. Ní 2013 ni wọ́n fi ohùn sí i: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sọ̀rọ̀, tú ọwọ́. Ìyá kan náà ló ń fi í bá ọmọ rẹ̀ ní London wí ní ìdájí. Ẹnikẹ́ni ò rán an ní ilé ẹ̀kọ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ilé iṣẹ́ MoMo ní ó nira láti yí ẹ̀rọ wọn padà. Irọ́ gbuu! Nígbà tí ìjọba gbé owó orí E-levy dé ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2022, wọ́n yí ẹ̀rọ padà títí ó fi ń yọ 1.5 nínú 100 owó tí a bá fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní 2025, wọ́n tún yí i. M-Pesa tó bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2007 ń sọ Swahili. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà gbọ́ èdè: ìpolówó wọn lórí rédíò, Twi ni, Gà ni, Hausa ni. Wọ́n mọ èdè ìyá nígbà tí wọ́n ń tajà fún un. Ìgbà tó fẹ́ gba owó ara rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. (Mi ò tíì bèèrè Yorùbá o. Ìyá Yorùbá Alajo tó ti pẹ́ nílùú gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Twi.) Wọ́n á wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé kó má fi PIN rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò kà á fún un? Ọmọ tó mọ PIN náà ni.

Ẹni tó ní kí àwọn ìyá lọ kàwé, ó dára, ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò burú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn lónìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí.

Òfin 987 ti 2019 ti gbé àṣẹ lórí owó inú fóònù lé Bank of Ghana lọ́wọ́. Kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá lè ka ohun tó kọ sókè ní èdè tí oníbàárà yàn. Kó tó di ìgbà náà, bí owó bá sọnù lọ́wọ́ ẹni tó di dandan fún láti pe PIN rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ilé iṣẹ́ dá a padà látinú èrè tirẹ̀. Wọ́n á ní ó ti le jù. Kó le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n san irú owó bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, ẹ óò rí i bí fóònù yóò ṣe máa sọ Hausa kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.