Àgádágodo kì í ṣọ́ ilé bàbá ẹni

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà ní Kútọnu, Pàràkú, Ṣakí àti Èkó, ọ̀rọ̀ yìí lè dùn yín, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Ẹ má pariwo olè, ẹ má pariwo gbájúẹ̀. Àwa ọmọ gan-an là ń sọ ilé bàbá wa di ahoro.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Bàbá kú. A sin ín dáadáa: a pa màlúù, a dá aṣọ ẹbí. Ọjọ́ kẹjọ pé, oníkálùkù wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n àgbà ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gba Kútọnu lọ. "Tí a bá tún pàdé, a óò sọ ọ̀rọ̀ ilé." Ọdún márùn-ún kọjá, wọn kò tíì pàdé.

Ta ló ni ilé yẹn báyìí? Ẹni tó kọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn tí yóò jogún rẹ̀ kò tíì pín in, wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ilé tó wà láàárín onílé tó ti lọ àti onílé tí kò tíì dé, òun ló rọrùn jù láti gbà.

Ikán ló ń kọ́kọ́ dé. Ilé amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáná nínú rẹ̀, tí a kò gbá, ikán á jẹ igi òrùlé rẹ̀. Ìjì á ṣí páànù kan, òjò á máa lu ògiri, ògiri á wó. Koríko á kún àgbàlá, tí ọyẹ́ bá dé, iná ìgbẹ́ á rí ohun tí yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn á wá yọ ilẹ̀kùn, wọ́n á ká páànù, wọ́n á fa wáyà iná. Àìsí nílé ológbò, ilé dilé èkúté.

Ṣùgbọ́n ẹni tó léwu jù kì í fo ògiri, ẹnu ọ̀nà ló ń gbà wọlé. Ọmọ ẹbí kan tí gbèsè ká mọ́ ni. Ó já àgádágodo, ó fi tuntun sí i, ó mú oníbàárà wọlé, ó kọ ìwé ìtajà, ó gba owó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìjà àwa ọmọ ni ẹnu tí ògiri là.

Ẹ wo àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Lára ọ̀pọ̀ ògiri ní Èkó, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Ní 2016, ìjọba Èkó ṣe òfin tó dójú kọ àwọn tó ń fi ipá gba ilé onílé, ẹni tó bá jẹ̀bi lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Síbẹ̀ ọ̀dà ò kúrò lára ògiri, nítorí ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti wọlé tán ni òfin ń dé. Àálẹ̀ àwọn baba wa náà, màrìwò àti àkísà pupa, ó ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹni tó fi í síbẹ̀ wà nítòsí. Àálẹ̀ tí onílé rẹ̀ wà ní Kútọnu, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Èèyàn ló ń ṣọ́ ilé. Mo mọ èsì yín: "Tí a bá fi èèyàn síbẹ̀, yóò sọ ọ́ di tirẹ̀." Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, sí àwọn tó fi ẹnu lásán gbé èèyàn sílé. Ẹ kọ ìwé: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, iye tó ń san tàbí pé kò san nǹkan kan, pé alágbàtọ́ ni, kì í ṣe onílé. Kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i, kí olórí àdúgbò ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ tún un kọ lọ́dọọdún.

Ẹ má sì ṣe yọ àwọn obìnrin sílẹ̀. Òfin ẹbí ilẹ̀ wa ti 2004 kò ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọbìnrin nínú ogún. Ìpàdé tí a kò pe àwọn arábìnrin wa sí, ẹjọ́ là ń gbìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó lọ́kọ ní Ṣábẹ̀ níbí ló sún mọ́ ilé jù. Kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀?

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ procès-verbal rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí tribunal. Òfin ilẹ̀ ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ka titre foncier sí ìwé tó fi onílé hàn. Ìwé ìtajà tí bàbá kó sábẹ́ ẹní kì í ṣe titre foncier. Ẹ lọ bá àwọn ANDF.

Ẹ má sọ pé owó kò sí. Ẹni tó rówó ra màlúù rówó ṣe ìwé. Kí a tó tú ká lọ́jọ́ kẹjọ ló yẹ kí a ti mọ ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò yín, ta ló ń sùn nínú ilé yẹn lálẹ́ òní?