Kíndìnrín Alátọ̀gbẹ: Àìtètè Mú Olè, Olè A Mú Olóko

Àrùn tí àtọ̀gbẹ ń dá sílẹ̀ nínú kíndìnrín kì í pariwo. Kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í dá àgbẹ̀ dúró lóko, bẹ́ẹ̀ ni kì í lé oníṣòwò kúrò lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa ba nǹkan jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ àti ojú bá wú, tí oúnjẹ kò wọ ẹnu mọ́, àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ ibi rẹ̀. Nínú alátọ̀gbẹ mẹ́wàá, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń kó sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀ràn gbogbo ìlú nìyí, kì í ṣe ọ̀ràn oníṣègùn nìkan.

Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ni ó wà. Lójúmọ́ kan, nǹkan bí 180 lítà omi ni àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ó so mọ́ wọn a sì dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ padà sínú ara, tí ìtọ̀ díẹ̀ yóò fi kù. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹrù àwọn ọ̀pá yìí a wúwo sí i, nítorí wọ́n ní láti gbé ṣúgà náà padà pẹ̀lú. Wọ́n a máa lo ọ́síjìn ju bí ó ti yẹ lọ, ọ̀nà tí ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára a sì dàrú níbẹ̀.

Ní ọdún 1936, àwọn oníṣègùn méjì, Paul Kimmelstiel àti Clifford Wilson, ṣàpèjúwe àwọn kókó tí ó hù sínú asẹ́ kíndìnrín àwọn alátọ̀gbẹ. Ìmọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni wọ́n fi rí i. Ohun tí irú awò bẹ́ẹ̀ ń fi hàn ni ahoro ilé lẹ́yìn tí iná ti jó o. Àwọn onímọ̀ òde òní ń wá ibi tí iná náà ti ràn. Wọn a bẹ́ ẹran kíndìnrín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a jẹ́ kí ìtànṣán lésà máa bà á lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ a sì wọn ìwúwo èròjà tí ó bá fò jáde níbẹ̀. Nígbà tí a bá to gbogbo ojú wọ̀nyí pọ̀, máàpù ni yóò jáde, tí yóò fi ibi tí èròjà kọ̀ọ̀kan kó jọ sí hàn. Ẹ̀rọ MRI pẹ̀lú lè fi ibi tí ọ́síjìn ti ń wọ́n kíndìnrín hàn lára alààyè, láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Èso rẹ̀ ti ń jáde. Ní ọdún 2023, Kumar Sharma ti Yunifásítì Texas ní San Antonio, ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Nípa irú máàpù yìí ni wọ́n fi rí i pé èròjà kan tí a ń pè ní adenine kó jọ sí ojú àpá nínú kíndìnrín àwọn alátọ̀gbẹ. Wọ́n tún rí i pé bí adenine bá pọ̀ nínú ìtọ̀ aláìsàn, ó lè jẹ́ àmì pé ewu ń bọ̀, kódà lára ẹni tí èròjà albumin, tí gbogbo dókítà ń wá, kò tíì yọ nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé orílẹ̀-èdè tí omi ẹ̀rọ kò tíì kárí kò ní ohun tí ó ń fi ìtànṣán lésà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òótọ́, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí gbogbo abúlé. Ẹ̀kọ́ inú máàpù náà ni ó yẹ kí ó dé abúlé, èyí sì ni pé ìtọ̀ lè sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ara kò tíì sọ. Àyẹ̀wò albumin ti wà ná, ó sì yẹ kí alátọ̀gbẹ máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ẹ wo owó rẹ̀. Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà dín owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kù láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Iṣẹ́ àánú ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí aláìsàn fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí yóò ná an ní 144,000 náírà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ jẹ́ 70,000 náírà. Níbo ni òṣìṣẹ́ yóò ti rí ìyókù?

Ó tún ku ọ̀ràn kan. Ìwádìí tí a ṣe láàárín ènìyàn 8,355 ní Gánà àti Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ni ó jogún ẹ̀dà méjì apilẹ̀ APOL1 tí ń mú kí ewu àrùn kíndìnrín pọ̀ sí i. Kíndìnrín ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀. Bí kò bá sí nínú máàpù tí a ń yà, oògùn tí a bá fi máàpù náà wá lè má bá a lára mu.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń tọrọ ìbò gbọ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn. Ṣé àyẹ̀wò ìtọ̀ yóò di ọ̀fẹ́ fún gbogbo alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀? Ṣé àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí yóò rí owó gbà láti kópa nínú yíya máàpù náà? Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ìjọba tí ó bá dúró di ìgbà tí aláìsàn dé ìdí ẹ̀rọ kò tètè bẹ̀rẹ̀ ẹkún tirẹ̀.