Ẹni Tí Ń Ro Oko Ni Kí Ìrànwọ́ Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi òógùn ojú yín bọ́ ìlú, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń ná lórí iṣẹ́ oko ni a gbé wá síwájú yín. Bí ilé ti gba ilẹ̀ tó láti Festac dé òpópó Badagry, Abúlé Adó wà lára àwọn ibi tí a ti mọ̀ mọ́ oko ẹ̀fọ́ ní ìgboro Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn olóko ẹ̀fọ́ Èkó ni kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Ìyọ̀ǹda onílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ebè. Nígbà tí ìjọba bá ní òun ná owó fún àgbẹ̀, ǹjẹ́ irú àwọn wọ̀nyí wà nínú ìwé?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe owó yìí ní ìtọrẹ àánú. Láti 1947 tí a ti dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀, títí di 1986 tí ìjọba pa àwọn bọ́ọ̀dù ọjà rẹ́, ìjọba ni ó ń dá iye lé kòkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iye tí àgbẹ̀ gbà fi kéré sí èyí tí a tà á lókè òkun. Nígbà tí owó-orí tún di ẹrù sí i, àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 àti 1969 nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà. Bí ìjọba bá ṣe ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ lónìí, gbèsè àtijọ́ ni ó ń san.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni gbèsè náà ń bọ́ sí? Ní ayé àtijọ́, ìjọba a ra ajílẹ̀, a sì gbé e fún àwọn agbaṣẹ́ṣe láti pín. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ pé nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ni ó ń rí i gbà. Ní 2012, lábẹ́ Akinwumi Adesina tí í ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, a yí ètò padà: àgbẹ̀ tí ó forúkọ sílẹ̀ a gba àṣẹ lórí fóònù rẹ̀, a sì san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì. Ètò náà mú agbaṣẹ́ṣe kúrò láàárín, ó sì tọ́ kí a yìn ín. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní fóònù, tàbí tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, kò rí nǹkan gbà. Ìjọba sì jẹ àwọn oníṣòwò ajílẹ̀ ní gbèsè. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ tún gbé irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ dìde, ó fi àwọn olóko àlìkámà bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí a lẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ó gba ìrànwọ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ọjà, kí olúkúlùkù lè kà á. Èkejì, kí a kọ orúkọ àgbẹ̀ nítorí oko tí ó ń ro, kì í ṣe nítorí ìwé ilẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé ayédèrú àgbẹ̀ yóò gba ibẹ̀ wọlé. A dá wọn lóhùn pé ebè kì í parọ́, alábàágbé oko sì mọ ẹni tí ń ro ó. Ẹ̀kẹta, kí ìrànwọ́ ṣáájú ìgbà gbígbìn. Ajílẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn ìkórè, ẹrù lásán ni.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àgbẹ̀ ni ó ń lé ebi náà. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ẹ yan ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ sì lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè ìwé orúkọ náà. Bí wọn kò bá fi hàn yín, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Owó yín ni.