Ta Ló Ń Ṣọ́ Oòrùn fún Ará Òkukù?

Sí àwọn ọ̀gá NASRDA, àjọ ìwádìí òfurufú Nàìjíríà, ní Àbújá,

Láti 1999 tí ìjọba ti dá àjọ yìí sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà ní September 2003; NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X jọ gbéra lọ́jọ́ kan náà ní August 2011. Ilẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí, wọ́n ń ya àwòrán oko, odò àti ìlú. Kò sí èyí tí wọ́n fi ṣọ́ oòrùn.

Oòrùn kò sì tìtorí ìyẹn fi wá sílẹ̀.

Ẹ wo sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ láàárín Ìkìrun àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀rọ GPS rẹ̀ ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà lókè. Kí àmì náà tó dé ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ la ìpele òfurufú kan kọjá, èyí tí ìtànṣán oòrùn ti fi agbára iná sí lára láti àárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìpele náà a máa ho bí omi orí iná, pàápàá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín tí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, tó gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Àmì náà á máa ṣẹ́jú. Nígbà mìíràn á já pátápátá. Ó máa ń le jù ní àyíká March àti September, ó sì ń burú sí i lọ́dún tí ara oòrùn kò bá balẹ̀, bíi 2024. Sọ́fíyọ̀ á máa di ẹ̀bi ru bátìrì, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Ní Ìbàdàn, kí a tó gba òmìnira, ẹ̀rọ kan ń ju ìgbì rédíò sókè láti wọn ìpele yìí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Onwumechili ṣe iṣẹ́ ńlá lórí agbára iná tó ń ṣàn lókè ìlà òòfà náà lọ́sàn-án. Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìnísà, ní ARCSSTEE, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú, láti 1998. Ohun tó ń dunni ni pé ìmọ̀ náà há sọ́wọ́ àwọn tó ń ka oyè kejì àti ìkẹta.

Kò sẹ́ni tó ní kí Nàìjíríà ná iye tí Íńdíà ná sórí Aditya-L1, ọkọ̀ òfurufú tó ń ṣọ́ oòrùn, tó gbéra ní September 2023. Àwòrán tí ọkọ̀ òfurufú SOHO yà, èyí tó gbéra ní December 1995 láti lọ wo oòrùn níbi tó jìn sí ayé ní nǹkan bí 1,500,000 kìlómítà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ Ìnísà tó ní fóònù lè fi í kọ́ ọmọ. Kí àjọ yìí kọ́ olùkọ́ náà bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó fi dán àjọ yìí wò. Ní 2 August 2027, oṣùpá yóò bù díẹ̀ jẹ lára oòrùn lójú ọ̀run wa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti gba ìsinmi nígbà yẹn, nítorí náà kí gíláàsì tó yẹ fún wíwo oòrùn ti dé Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní June. Kí rédíò OSBC sì kéde lédè Yorùbá pé fíìmù X-ray àti gíláàsì dúdú ọjà kò lè dáàbò bo ojú.