Ẹ Dá Wa Sílẹ̀ Láago Márùn-ún

Ìwé owó àwọn ẹlòmíràn ni mò ń yẹ̀ wò jẹun ní Èkó. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú àti orí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ kàn ń bá wọn jókòó ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá wa ní àwọn fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ṣe eré ìdárayá, inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ètò rẹ̀. Fóònù oníkálukú ni yóò máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì máa to orúkọ wa sórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti orí ẹni tó rìn jù dé orí ọ̀lẹ. Kò pẹ́ tí akẹgbẹ́ mi kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í so fóònù mọ́ ìdí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. Ọmọ yẹn gba ipò kìíní.

Mi ò sọ pé ìdárayá kò wúlò. Ní 1953, Jerry Morris, oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dẹ́rẹ́bà a jókòó títí iṣẹ́ á fi parí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àkàbà sókè sódò, á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Àrùn ọkàn ń mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. (Kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó tó ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn l'Ójúẹlẹ́gba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka tirẹ̀ mọ́ ọn.) Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, dárayá lọ́sẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, lè lo iye yẹn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹyin orí tábìlì ni eré tèmi. Tábìlì kan wà ládùúgbò wa ní Ṣùúrùlérè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ló gbé e dúró. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí kò bá sí ìnáwó, ibẹ̀ ni mo máa ń yà kí n tó lọ sọ́jà. Àwọn bàbá ibẹ̀ ṣì ń ka àmì dé 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2001 ni òfin eré náà ti sọ ọ́ di 11 káàkiri àgbáyé. Wọ́n ní 11 kò jẹ́ kéèyàn làágùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa ló ń nà mí jù. Yóò ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí," yóò sì fọ́ bọ́ọ̀lù sí igun tí ọwọ́ mi kò lè dé. Kò mọ ilé iṣẹ́ mi, kò sì bèèrè. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, kò sí àyè láti ronú kan ìwé owó tí kò bára mu. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé àṣìṣe tí mo wá títí lọ́jọ́ Ẹtì, màá rí i wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi ka ìlà yìí o. Bó bá gbọ́, á gbé tábìlì sí yàrá ìpàdé, á ní ká máa wá gbá a láago méje alẹ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Eré tí ọ̀gá ń ṣọ́ ti di iṣẹ́. Òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká a máa wọgbó lọ dọdẹ l'Ábẹ́òkúta. Ta ló bi í rí pé ẹtu mélòó ló wọnú ìwé wo?

Àyè eré náà kò sì kárí. Àwọn ọkùnrin tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìdárayá wọn, àwọn ìyàwó á sì máa dáná dè wọ́n. Obìnrin tó ti ọ́fíìsì bọ́ sí ilé ìdáná, ìmọ̀ràn ti tó o. Àkókò ni kò ní.

Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, kó dá wa sílẹ̀ láago márùn-ún tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ wa sọ. Kí wọ́n yé pe ìpàdé orí fóònù lópin ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n mú ohun tó ń ka ìṣísẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Ibi tí oníkálukú bá wá gbà lọ, ì báà ṣe pápá, ì báà ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má bi wá.