Ibo Ni Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì Yóò Forí Lé: Ìbàdàn Tàbí Akínmọ̀ọ́rìn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní àwọn ìlú tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ tàbí Akínmọ̀ọ́rìn lè lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún ní abà rẹ̀, kí ó kọ́ ahéré síbẹ̀, kí ó sì bímọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ilé rẹ̀, agbo ilé bàbá rẹ̀ nínú ìlú ni yóò dárúkọ. Ìlú ni ó ti ń wá ṣe ọdún, ìlú ni ó ti ń gbé ìyàwó, ìlú náà ni wọ́n sì ń gbé òkú rẹ̀ wá. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ rélùwéè dé, ohun tí àwọn ọmọ agbègbè yìí ṣe kò ju pé wọ́n sọ Ìbàdàn, Èkó, Jọ́ọ̀sì àti Kùmásì di oko tuntun. Ọdún 35 tí òṣìṣẹ́ fi jókòó sí ọ́fíìsì, oko ni ó lọ.

Ìtàn sì fi òǹtẹ̀ lu èrò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn ni ó padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè dì sínú ọkọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ yàrá méjì sílé rí ibi kó sí. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan di àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ìdílé, ìgbà náà ni ilé kíkọ́ sílé kúrò ní ọ̀rọ̀ iyì, tí ó di ọ̀rọ̀ ààbò.

Ìbéèrè tí ó dojú kọ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì lónìí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọjà ni ó gbé e dìde. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já lulẹ̀ níwájú dọ́là ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó oògùn ti sáré kọjá ohun tí owó ìfẹ̀yìntì lè lé bá. Ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́ lẹ́yìn ọdún 35 ń gba náírà 80 nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí ó gbà kẹ́yìn. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n owó tí olùkọ́ gbà kẹ́yìn ní ọdún 2010, kí ni ó lè rà lọ́jà báyìí? Ní ti ẹni tí ó wà lábẹ́ ètò tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀, tí ti ọdún 2014 sì tún ṣe, ohun tí òun àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ jọ fi pamọ́ ni yóò máa jẹ: ó kéré tán, náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ tirẹ̀, náírà 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù. Àwọn arúgbó tí ń tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì mọ bí àlékún náà ti ń pẹ́ tó kí ó tó dé. Nítorí náà, nígbà tí onílé ní Ìbàdàn bá tún kan ilẹ̀kùn pé òun ti fi kún owó ilé, ọkàn a máa fà sí ìlú bàbá ẹni.

Ní ti ìṣirò owó nìkan, Akínmọ̀ọ́rìn borí. Ọmọ onílẹ̀ kò ní ra ilẹ̀; olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni yóò yọ̀ǹda ibi tí yóò kọ́lé sí fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè tà á láìgba àṣẹ wọn. Ẹ̀fọ́, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lè ti ẹ̀yìnkùlé wá, ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó Fìdítì kò sì jìnnà. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, díẹ̀ ni ó fi lé ní 50 kìlómítà, ojú ọ̀nà náà sì ni Mọ́níyà wà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ń ti Èkó bọ̀ ti ń dúró láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó lè retí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò ṣáájú. Láti ọdún 2022 ni PenCom, àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà pé kí òṣìṣẹ́ lè yọ ìdámẹ́rin nínú owó tí ó kó jọ láti fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ilé tí báńkì yá ènìyàn lówó lé lórí, tí ìwé rẹ̀ pé, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ilé tí ènìyàn ń fi bíríkì díẹ̀díẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Owó oṣù àti owó àjọ ni wọ́n fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìpìlẹ̀ kan fi lè hu koríko fún ọdún mẹ́wàá.

Bí ó ti wù kí ó rí, ilé tí a kò san owó rẹ̀ kì í ṣe ilé ọ̀fẹ́. Àṣà ìbílẹ̀ ti fi àgbà sí ipò ẹni tí ń gbà. Nígbà tí bàbá bá dàgbà tí kò lè kọ ebè mọ́, ọmọ ni yóò máa ro oko fún un, ìyàwó ọmọ ni yóò máa se oúnjẹ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó máa parí ìjà, kí ó sì máa sọ ìtàn ilẹ̀ fún àwọn tí kò bá a láyé. Òwe tí ó sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, òfin ìfẹ̀yìntì ni, ó sì ti wà kí òyìnbó tó gbé fáìlì dé. Owó ìfẹ̀yìntì ti dojú òwe yìí délẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé lónìí, arúgbó ni ó ní owó tí ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò ní. Òun ni wọ́n ń wò fún owó ìwé ọmọ-ọmọ, òun ni wọ́n ń retí níbi ìsìnkú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń béèrè owó kànga lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ń béèrè owó páànù. Lójú ará ilé, ẹni tí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti Ìbàdàn dé, ọlọ́lá ni, àní bí ọkọ̀ náà kò bá tún dìde mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti dé. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á ní ó ti di òyìnbó. Bí ó bá gbà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti oṣù náà ni yóò dín.

Oògùn yìí gan-an ni ibi tí ìṣirò ti ń yí padà. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012 tí wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, níbi tí ẹni tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún ti lè rí dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ nípa àìsàn ọjọ́ ogbó. Láti Bódìjà, kò ju wíwọ ọkọ̀ kan lọ. Láti Akínmọ̀ọ́rìn, ìrìn-àjò ni, pàápàá lóru, àrùn rọpárọsẹ̀ kì í sì í dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn alábọ́dé lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí ó sì fúnni ní oògùn, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ kan tí kò bá tó ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọgọ́ta ọdún kì í ka èyí sí.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n dáhùn lọ́nà mìíràn. Ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí kò sì wọ́n, wọ́n dá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Youngtown sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní ọdún 1954. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1960, Del Webb, oníṣẹ́ ìkọ́lé, ṣí Sun City sí ìtòsí ibẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko òwú. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni ó wá wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé kékeré tí agbára òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ká, pápá gọ́ọ̀fù, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àti ojúgbà láti bá ṣeré: ohun tí ó tà nìyẹn. Òfin ibẹ̀ ni pé ó kéré tán ẹnìkan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 55, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn ará Sun City tilẹ̀ dìbò tako owó ilé-ẹ̀kọ́ léraléra, títí wọ́n fi yọ ìlú náà kúrò lábẹ́ agbègbè ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń dá owó fún. Ní Youngtown, bàbá àgbà àti ìyá àgbà kan gba ọmọ-ọmọ wọn tí ilé kò rọrùn fún sọ́dọ̀. Ìlú ní kí ọmọ náà jáde. Ọ̀rọ̀ dé iwájú agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, ní ọdún 1998 sì ni òfin ọjọ́ orí ti Youngtown wó lulẹ̀. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ irú ìtàn yìí kí ó má ṣe é ní kàyéfì. Ooru ibẹ̀ náà kì í ṣe eré: ní ọdún 2023, fún ọjọ́ 31 tí ó tẹ̀ léra wọn, ooru ìlú Phoenix tí ó wà nítòsí wọn kò wálẹ̀ ju ìwọ̀n 43 lọ́sàn-án. Ilẹ̀ tí ó pọ́kú fún arúgbó, ó ní ìdí tí ó fi pọ́kú.

Ṣùgbọ́n kí ará Akínmọ̀ọ́rìn má yára rẹ́rìn-ín. Kò sí òfin kankan ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió tí ó lé ọ̀dọ́ kúrò nílé; àìríṣẹ́ṣe ni ó lé wọn. Èyí tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti gba Èkó lọ, èyí tí kò kàwé ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn, èyí tí ó rí físà ti fò. Bí ènìyàn bá wọ agbo ilé kan ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó méjì àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn ni yóò bá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Houston. Ìlú arúgbó tí Del Webb fi owó ńlá kọ́, àìníṣẹ́ ti ń kọ́ ọ níhìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí pápá, láìsí dókítà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àdéhùn tí àṣà gbé kalẹ̀ nìyẹn, tọmọdé tàgbà ni ó sì gbọ́dọ̀ wà nílé kí ó tó lè múlẹ̀. Ta ni yóò sáré wá ọkọ̀ fún arúgbó ní aago méjì òru?

Ti àwọn tí ó wà lókè òkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé ènìyàn wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni yóò dúró sí. Àlékún ọdọọdún tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbà kò ní kàn án. Medicare ti Amẹ́ríkà kì í sì í sanwó ìtọ́jú tí ènìyàn gbà ní Ìbàdàn. Bí náírà ti rí lónìí, pọ́n-ùn tí kò dàgbà ṣì tóbi ní Akínmọ̀ọ́rìn, èyí sì ń tan àwọn kan jẹ.

Àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà àárín, ọgbọ́n oko àti ilé ti àtijọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọn kò dúró de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Láti bí ọdún 50 ni wọ́n ti ń lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù nílé, tí wọ́n ń bá àwọn ará ilé dá àjọ, tí wọ́n mọ orúkọ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó sì lè jí bí wọ́n bá pè é lóru. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n kọ́ dípò ilé alájà. Wọ́n fi owó tí ó kù gbẹ́ kànga. (Ẹni ọgọ́rin ọdún, kí ni ó fẹ́ fi àtẹ̀gùn ṣe?) Wọ́n sì ṣì ní yàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ ní Ìbàdàn fún ìgbà tí ara bá ń wá dókítà. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìsìnkú nìkan ni ó ń gbé e wálé fún ọdún 35, bí ó bá dé tàn-ín-tàn-ín, àlejò ni yóò jẹ́, owó rẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì mọ̀.

Ẹnìkan wà tí wọn kì í sábà bi léèrè nínú gbogbo ìṣirò yìí: ìyàwó. Òun náà fi ọdún 35 ṣe olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì, òun náà ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì. Bí ọkọ bá ní kí wọ́n relé, ilé ọkọ ni, níbi tí wọn yóò máa pè é ní ìyàwó títí di ọjọ́ alẹ́, tí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọkọ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Bí ọkọ bá ṣaájú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ni ó ń jogún bàbá nínú àṣà Yorùbá. Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Abẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò dúró, bí ó bá bí, bí wọ́n bá sì gbọ́ra yé pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyàwó kejì. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin kan fi ń rọra sọ pé àwọn ń lọ bá ọmọ àwọn tọ́ jòjòló ní Èkó fún oṣù mẹ́ta, tí oṣù mẹ́ta náà sì ń di ọdún mẹ́ta, tí bàbá ń dá ra oúnjẹ lọ́wọ́ olóúnjẹ nínú ilé yàrá mẹ́fà. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé, ibo ni ẹni tí ó bá kẹ́yìn yóò máa gbé, ta ni yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn bí ara rẹ̀ kò bá yá? Àwọn tí ń kọ́lé nílé ń sọ ti sìmẹ́ńtì, wọ́n ń sọ ti páànù, wọ́n ń sọ irú fèrèsé tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kan òrùlé tán kí ìbéèrè wọ̀nyí tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.