Àkọtọ́ Méjì Lójú Fóònù Kan: Àwọn Ọmọ Iléèwé Wa àti Iṣẹ́ Àjọṣe Lórí Ayélujára

Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn iléèwé pa, lílo ayélujára fún ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá nìkan mọ́. Ní Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́, àwọn olùkọ́ kan ń fi WhatsApp pín iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ iṣẹ́ kan náà pọ̀ lójú ìwé kan. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta wà tí ẹgbẹ́ bíi tiwa kò lè gbójú fò: èdè wo ni àwọn ọmọ fi ń ṣe é, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ta ni ó sì ni ohun tí wọ́n kó jọ?

Faransé ni èdè kíláàsì lọ́dọ̀ wa, Faransé náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bá lójú fóònù. Síbẹ̀, abala 11 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn lẹ́nu àti ní kíkọ. Ẹ̀rọ pàápàá kò dí wa lọ́nà: Wikipedia wà ní Yorùbá, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà lórí fóònù. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ fún ọmọ ní iṣẹ́ tí yóò fi lò wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àkọtọ́. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó, wọ́n fìdí àkọtọ́ tí Nàìjíríà ń lò títí di òní múlẹ̀. Ní ọdún 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa. Wọ́n tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nítorí náà, ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà yóò kọ “ọ̀pẹ” àti “aṣọ”. Ọmọ Kétu tó kọ́ àkọtọ́ tiwa yóò kọ “ɔ̀kpɛ” àti “ashɔ”. Abẹ́ Alákétu ni ìlú méjèèjì wà kí àwọn òyìnbó tó fi àdéhùn 1889 pààlà sáàárín wọn. Ohùn kan ni wọ́n fi ń kí ara wọn lọ́jà. Bí wọ́n bá jókòó sójú ìwé kan lórí ayélujára, ọ̀kan yóò máa pa lẹ́tà èkejì rẹ́, yóò rò pé àṣìṣe ni. Ẹni tó bá sì fi “ɔ̀kpɛ” wá nǹkan lè má rí ohun tí wọ́n kọ ní “ọ̀pẹ” rárá.

Èrò wa ni pé kí a kọ́ àwọn ọmọ ní méjèèjì. Kò ṣòro: ɛ ni ẹ, ɔ ni ọ, kp ni p, sh ni ṣ. Àmì ohùn kò yí padà. Ọmọ tó bá lè ka méjèèjì ni ìwé ìhà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún. Èyí tó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ jù ni àmì ohùn, nítorí láìsí i, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ lójú ìwé, irú àkọtọ́ yòówù kí a lò.

Ẹ jẹ́ ká fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kíláàsì kan lè pín iṣẹ́ lórí rẹ̀: ọmọ kan gba ohùn àgbà sílẹ̀, èkejì kọ ọ́ jáde, ẹ̀kẹta fi àmì ohùn sí i, ẹ̀kẹrin ṣe ìtumọ̀ sí Faransé. Ojú ìwé àjọkọ máa ń pa ìtàn àtúnṣe mọ́, olùkọ́ yóò sì rí ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sùn. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbé e lọ sí Wikipedia, wọn yóò bá òfin kan pàdé: ìwé tí a ti tẹ̀ jáde ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà nìkan kò tó. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti kan àwa àti àwọn olùwádìí, pé kí a tẹ ohun tí a gbọ́ jáde, pẹ̀lú orúkọ ìlú, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ bí ó bá gbà.

Ìgbàláàyè yìí ṣe pàtàkì. Orin Ẹ̀fẹ̀ máa ń bú oníwà burúkú, ó sì máa ń dárúkọ nígbà mìíràn. Lóru, ní ojú agbo, ìlú gbọ́, ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Lórí ayélujára, kò ní tán. Ọmọ ẹni tí wọ́n bú yóò bá a níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i. Ohun tí a bá sì gbé sórí Wikipedia, ẹnikẹ́ni ló lè dà á kọ, kódà kó tà á. Nípa Orò àti àwọn awo mìíràn, a kò ní láti sọ púpọ̀: ohun tí a kì í fi han gbogbo ènìyàn nílé, a kì í fi han gbogbo ayé.

Owó ìsopọ̀ àti iná mànàmáná ṣì jẹ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n fóònù kan tó fún ọmọ márùn-ún láti gba ohùn sílẹ̀, Kiwix sì ń jẹ́ kí a ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ olùkọ́, ohun mẹ́ta la bẹ̀ yín fún: ẹ kọ́ wọn ní àkọtọ́ méjèèjì, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu àgbà kí ẹ tó tan ohùn rẹ̀ kálẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ ẹgbẹ́. Fóònù ọmọ lè sọnù lọ́la. Àgbà tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kò ní wà títí láé.